Àga Ẹ̀bá Fèrèsé

Obìnrin ará Jámánì tí mo bá ṣiṣẹ́ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Àwọn àga rẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Sísítà tó fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mi ò bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Sísítà ní, "Òǹkọ̀wé ni. Orí rẹ̀ pé. Máa se oúnjẹ rẹ̀, máa gbálẹ̀, má sì gba àárín àwọn àga yẹn kọjá."

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ibereko ṣẹ̀ṣẹ̀ tilẹ̀kùn ni. Àwọn Sísítà ìjọ Kátólíìkì ló kọ́ mi ní ìwé àti àdúrà láti kékeré, wọn ò sì gbàgbé mi nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀ nìyẹn, tí mò ń sọdá ọ̀sà lọ sí ìhà òkun, sí ilé kan tó dá dúró láàárín igi àgbọn. Níbẹ̀, èèyàn máa ń gbọ́ òkun tọ̀sán tòru láì rí i.

Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ga, ó gẹ irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í wọ bàtà. Yovó ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, bí àwọn Ègùn ti máa ń pe gbogbo òyìnbó. Ìtàn àwọn àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ ló ń kọ: bàbá tó ní oko, ìyàwó tó ń fún wàrà màlúù, àwọn ọmọ tó ń jà nítorí ogún, ìyá àgbà tí kò rí ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ rò. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú òun kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aránṣọ àti àwọn ìyá ilé máa ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin títí wọn á fi kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n sọ̀. Mo bi í pé kí ló wá gbé ìtàn màlúù wá sí Àgbádárìgì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé òun, ariwo àwọn ará ilé òun kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn àwọn ará ilé inú ìwé.

Àga mẹ́fà ló tò sí pálọ̀, kò sí méjì tó jọra. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé tó ń kọ ìtàn rẹ̀ ló ní àga tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá àgbà máa sọ, á lọ jókòó sórí àga ìyá àgbà, á máa wo àwọn yòókù láti ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọbìnrin, á dìde, á lọ sórí ti ọmọbìnrin. Ó sọ fún mi pé, "Ẹni tí mi ò bá tíì jókòó síbi tó jókòó sí, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu." Àga bàbá ni èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, àga onípákó tí wọ́n fi okùn hun ìjókòó rẹ̀. Nínú ìtàn náà, bàbá jáde nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bolẹ̀, kò sì padà wálé mọ́. Títí tí mo fi débẹ̀, òǹkọ̀wé náà ò tíì mọ ibi tó gbà lọ.

Abẹ́ àga yẹn ni mo ti máa ń gbá iyanrìn. Kì í ṣe iyanrìn gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé o, tútù ni, dúdú díẹ̀, bí èyí tí ẹsẹ̀ máa ń kó wálé láti etí omi. Fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí, ìdè rẹ̀ ti dípẹtà. Mo bi obìnrin náà bóyá òun ló ń kó o wọlé. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbá a. Mo fi àmì àgbélébùú sára mi, mo da iyanrìn náà síta, mo sì lọ gbé kọfí rẹ̀ kaná. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

Ohun tó ń dùn mí lásìkò yẹn kì í ṣe àga. Ìyá mi ni.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ òkun, tí ìgbì sì dojú ọkọ̀ wọn dé. Àwọn yòókù lúwẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Wọ́n dúró ní etí òkun fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n dúró fún méje, nítorí àwọn apẹja wa mọ̀ pé òkun máa ń dá òkú padà. Kò dá tirẹ̀ padà. Nígbà tí àwọn ẹbí gbé aṣọ opó wá fún ìyá mi, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ohun tí òkun bá gbé, ó máa ń dá a padà. Kò dá ọkọ mi padà. Òkun kọ́ ló gbé e nìyẹn." Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Lẹ́yìn náà ni oníṣòwò kan wá sọ pé òun rí ọkùnrin kan tó jọ ọ́ ní ọjà Kútọnu. Ó tán. Ìyá mi ò ṣe opó, kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Ẹja yíyan ló fi tọ́ àwa márààrún, bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ bàbá wa, bí ẹni tó lọ sọ́jà ni.

Nínú oṣù Kọkànlá, ìjọ wa máa ń gbàdúrà fún àwọn òkú. Olúkúlùkù á kọ orúkọ àwọn òkú rẹ̀ sínú ìwé, á fi sínú àpòòwé, wọn á sì kó gbogbo rẹ̀ sórí pẹpẹ. Láti ọdún pípẹ́ wá ni mo ti ń kọ orúkọ àwọn bàbá àti ìyá àgbà wa, tí mo sì ń fo ti bàbá mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, dókítà ní ọkàn ìyá mi ti rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí ìyá mi bá lọ, ta ni yóò kù tó máa gbàdúrà fún ọkùnrin yìí? Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo lẹ àpòòwé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run ni.

Fádà wa máa ń fa díẹ̀ yọ nínú àwọn àpòòwé náà kà ní Mísà ọjọ́ Àìkú. Tèmi ló fà yọ.

Etí ìyá mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ dìde láàárín ìjọ. Ó sọ ọ́ ní Ègùn, ó tún un sọ ní Yorùbá kó lè yé gbogbo èèyàn. "Irọ́ ni! Fádà, ẹ pa orúkọ yẹn rẹ́. Ẹni tó ni ín ò kú. Ta ló pa á?"

Fádà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbójú sókè wá mi. Gbogbo ìjọ tẹ̀ lé ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ibereko. Mo máa gbé ẹ̀kọ àti ẹja síwájú rẹ̀, á yíjú sí ìyàwó onílé kejì tó bá wà nítòsí, á ní, "Sọ fún obìnrin yẹn pé ẹni tó sin ọkọ mi láàyè ò ní bọ́ mi."

Mùsùlùmí ni ìyàwó onílé kejì, aláwàdà sì ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Fádà! Àwa máa ń ní sùúrù kí èèyàn kú tán ká tó kírun sí i lára." Ṣùgbọ́n ó ṣàánú mi. Ó ní kí n máa ra nǹkan ọbẹ̀ wá, òun á máa bá mi sè é. Lọ́jọ́ kan mo gbìyànjú ẹ̀tàn: èmi ni mo sè é, òun ló gbé e lọ. Ìyá mi fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú èyí." Ó sùn láìjẹun. Ó ń gbẹ sí i lójoojúmọ́, ìró rẹ̀ ti ń yípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn nígbà náà ju pé kí ìyá mi tún gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi kó tó kú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ oúnjẹ rẹ̀ títí dé ibojì, ojú wo ni yóò fi wo ayé?

Ọyẹ́ ti mú dáadáa nígbà tí obìnrin Jámánì náà bá mi ní ilé ìdáná, tí mò ń sunkún sórí pòtétò. Ó bi mí, mo sọ fún un. Ohun tí mo sọ kò pọ̀: bàbá mi lọ sí òkun, kò padà, mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òkú, ìyá mi ò jẹun lọ́wọ́ mi mọ́. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ìyá rẹ lè gbà kí n wá kí i?"

Ọjọ́ Sátidé ló wá, pẹ̀lú agolo bisikíìtì kan. Ìyá mi wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ tààrà láti oṣù méjì, nítorí kò sí ògbufọ̀ mìíràn.

"Ṣé òun náà mú ìwé òkú dání ni?"

"Rárá, Màmá. Bisikíìtì ni."

"Bi í bóyá ó lọ́kọ."

Mo bi í. "Ó ní òun ti ní méjì."

"Méjì! Níbo ló kó wọn sí?"

"Ọ̀kan kú, ọ̀kan lọ."

"Ẹn-ẹ́n. Ó mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó lọ. Ó gbọ́n jù ẹ́."

Òǹkọ̀wé náà jókòó sórí ẹní. Ó ní òun wá nítorí pé òun há sínú ìtàn kan, obìnrin inú rẹ̀ sì jọ ìyá mi, bóyá ìyá mi lè ran òun lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń túmọ̀.

"Ọkùnrin náà jáde ní òwúrọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà oko, ó padà wá mú tábà rẹ̀ tó gbàgbé. Ó tún lọ. Ó tún padà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbàgbé nǹkan kan. Ó kàn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó mọ̀ pé ó dúró síbẹ̀. Kò yíjú. Ọkùnrin náà sì lọ."

Abẹ̀bẹ̀ tí ìyá mi ń fẹ́ dúró.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ta ló sọ fún un?"

"Màmá, ìtàn inú ìwé ni. Oko kan ní ìlú Jámánì ni."

"Mo ní ta ló sọ fún un?"

Mo bi obìnrin náà. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí mo bá jókòó sórí àga ọkùnrin náà, ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo máa ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń to ẹja sórí ààrò."

Mo la ẹnu láti túmọ̀, mo sì pa á dé. Mo ní, "Mà, ẹja? Nínú oko màlúù?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé ẹja ni mo sọ ni?" Ó fi ọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. "Wàrà ló wà nínú ìwé mi. Ó ń da wàrà sínú agolo."

Mo yíjú sí ìyá mi, mo sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹja àti wàrà. Ìyá mi fa ìborùn bo ojú. Abẹ́ ìborùn náà ló ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ. Nítorí ọbẹ̀ ni. Bàbá mi ní ọbẹ̀ alẹ́ àná kò dùn, ọ̀rọ̀ náà sì ká ìyá mi lára mọ́jú. Bàbá mi jáde, ó padà wá mú fìlà rẹ̀, ó tún jáde, ó sì tún padà.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn mi ló ń wò. Mo ní kó dúró síbẹ̀ títí á fi sú u. Ó pẹ́ díẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́." Ó nu imú. "Bó bá ti kú, ẹ̀yìn mi ló rí kẹ́yìn nìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kó kú?"

Ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ni mo fi rò pé agídí ni.

Nígbà tó yá ó ní, "Bi í, kí ló padà wá sọ?"

Obìnrin náà mi orí. "Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń jókòó síbẹ̀. Kò sọ fún mi."

"Kò lè sọ fún un. Ṣé òun ni ìyàwó rẹ̀ ni? Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀sìn wa ò gbà kí a máa bá òkú sọ̀rọ̀."

"Ta ló ní òkú? Ìwọ lo ní òkú."

Ọjọ́ Ajé la sọdá. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti lọ, ìyá mi ò gun ọkọ̀ ojú omi rí. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ ṣe ní ìhà òkun, ó máa ń rán wa ni. Ìkùukùu ọyẹ́ bo ọ̀sà débi pé ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ohun gbogbo dákẹ́. Mi ò rí èbúté tí a ti kúrò, mi ò rí ibi tí à ń lọ. Ìyá mi jókòó ṣinṣin, ó ń wo ẹ̀yìn wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wò bóyá ẹni tó ń tẹ̀ lé òun ṣì ń bọ̀. Mo di Rósárì mi mú nínú àpò.

Mi ò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to pálọ̀ náà fún un rí. Ó wọlé, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ara ògiri, ó sì rìn gba àárín àwọn àga tí èmi ò gbójúgbóyà gbà kọjá láti oṣù mẹ́rin. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀, òun ni òǹkọ̀wé náà ń lò fún ìyàwó àgbẹ̀. Ìyá mi jókòó lé e, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Èmi àti obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi tẹ̀ síwájú, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń lọ tó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ lásán, ó ń gbé, ó ń tò, ó ń yí i padà. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Lẹ́bàá rẹ̀ ni mo dàgbà. Ẹja ló ń tò sórí ààrò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo ara rẹ̀ gbọ́ nǹkan kan tí etí rẹ̀ tó di ò lè gbọ́.

Ó yíjú.

Kò wo ìjókòó àga náà. Òkè rẹ̀ ló wò, ibi tí ojú ọkùnrin tó dúró máa wà. Ó sọ̀rọ̀ ní Ègùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. "O ti dé. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ìbínú ni ò jẹ́ kí n wò ẹ́." Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó mi orí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ṣé nítorí ìyẹn nìkan lo ṣe padà?"

Okùn ìjókòó àga náà sì dún, bí ó ti máa ń dún bí ẹni tó wúwo bá dìde lórí rẹ̀. Aṣọ fèrèsé ò mì. Òǹkọ̀wé náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Mo kí ọ Màríà, mi ò sì rántí ohun tó kàn, èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún márùn-ún.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fádà ní, "Ṣé ẹ pe òkú ni?" Mo ní, "Rárá, Fádà. Ìyá mi yíjú ni." Ó ní kí n lọ ka Rósárì kan, kí n sì tọ́jú ìyá mi. Mi ò bi ìyá mi ní ohun tó gbọ́, kò sì sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ Ọlọ́run ni òkú àti alààyè wà, kò sì sẹ́ni tó lè jáde kúrò nínú ọwọ́ náà láìgba àyè. Ní oṣù Kọkànlá tó tẹ̀ lé e, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n mú bírò wá, tó ń wo ọwọ́ mi bí mo ti ń kọ orúkọ náà. Ó ní kí n kọ ọ́ sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn jókòó sórí àpótí náà, ó ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀. Mo ń wò ó, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kú síbẹ̀. Ó wo òǹkọ̀wé náà, ó wo òde, ó wá wo èmi, ojú rẹ̀ dúró lórí mi.

"Ebi ń pa mí," ó ní. "Kí lo sè?"

Kò sí nǹkan kan nílé ìdáná ju pòtétò tí mo ti bọ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán yovó. Mo bù ú sínú àwo, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó fi ìka bó èèpo ọ̀kan. Ó jẹ ẹ́. Ó bó ìkejì.

"Ṣé ohun tó máa ń jẹ nìyí?"

"Òun ni, Màmá."

"Láàárọ̀, lọ́sàn-án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Abájọ tí ọkọ rẹ̀ kan fi lọ."

Òǹkọ̀wé náà bi mí ohun tó sọ. Mo ní, "Ó ní ó dùn, Mà." Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ìyá mi jẹ ẹ̀kẹta, ó jẹ ẹ̀kẹrin, ó na àwo òfìfo náà sí mi. "Vi ṣie," ó ní, ọmọ mi, "bù sí i."